Ìdí Tí Mo Fi Ní Kí Dípọ̀ Máa Pe Orúkọ Ibùdókọ̀

Lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi, bí a bá ti ń wọ bàtà wa lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Nàìjíríà máa ń yí mi ká. Èyí tó ń tọ́jú àwọn arúgbó yóò ní òun fẹ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, èyí tó ń kàwé yóò ní ìwé ti sú òun. Ìbéèrè kan náà ni gbogbo wọn ń bi mí: "Daddy, ṣé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì dáa?" Ìdáhùn mi gùn ju ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ, torí kí n tó dé ìdajì, ìyàwó wọn á ti máa pè wọ́n. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́. Ẹ má retí kí n kàn ní ó dáa tàbí kò dáa. Èmi fúnra mi, ìbéèrè ni mo fi lo ìgbà ayé mi. Ìyàwó mi a máa ní bí mo bá dé ọ̀run, àwọn áńgẹ́lì ni yóò kọ́kọ́ sá fún mi.

Bí mo ṣe rí iṣẹ́ náà kò gba ìtàn. Mo dé ìlú òyìnbó láti Ìjẹ̀bú-Igbó, mo nu ilẹ̀ ọ́fíìsì fún ìgbà díẹ̀, mo rí ìpolówó iṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀, mo lọ. Owó rẹ̀ gbọ́ bùkátà. Ó tán.

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Místà Lẹ́n ni à ń pè é, òyìnbó gbọọrọ kan tí wọ́n bí sí Dagenham, tó sì dàgbà síbẹ̀. Èmi àti Dípọ̀ la jọ bọ́ sí i lọ́wọ́ lọ́jọ́ kan náà. Ọmọ Ẹ̀gbá ni Dípọ̀. Mo fi ọdún díẹ̀ jù ú lọ, ó sì ti ń pè mí ní ẹ̀gbọ́n láti ọjọ́ náà títí di òní. Aláwàdà ni, kò sí ibi tó dé tí wọn kò ní í rẹ́rìn-ín. Místà Lẹ́n nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin yìí kò jẹ́ kí a fọwọ́ kan ọkọ̀ rárá ní ìbẹ̀rẹ̀. Ó kó wa lọ sókè bọ́ọ̀sì, sí ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá, ó ní kí ẹlòmíràn máa wà wá kiri. Ó fẹ́ ká mọ bí bíréèkì tí dírẹ́bà kàn tẹ̀ gbì ṣe máa ń rí lára ìyá arúgbó tó jókòó sẹ́yìn. Ara wa sọ fún wa. Nígbà tó wá jẹ́ ká wa ọkọ̀, wàhálà mìíràn bẹ̀rẹ̀. Bí o bá fẹ́ gbéra, á dá ọ dúró: "What did you see?" Bí o bá ṣèèṣì fèsì pé "I think it's clear," ó parí nìyẹn. Á pa ẹ́ńjìnnì. Á ní òun kò bi ọ́ léèrè ohun tí o rò, ohun tí o rí lòun ń bi ọ́. Dígí tó wà lára bọ́ọ̀sì pọ̀, apá ibi kan péré sì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fi hàn. Ó ní kí a yẹ gbogbo wọn wò, ká sì tún fúnra wa yí orí wo ibi tí dígí kankan kò dé.

Èyí tó burú jù ni orúkọ ibùdókọ̀. Místà Lẹ́n á tò wá sí àgbàlá gáráàjì nínú òtútù, á ní kí a máa pe orúkọ wọn láti Barking títí dé Village ní Dagenham lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láìmí. Ẹni tó bá mí láàárín, á bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ó ní dírẹ́bà tó ń wá orúkọ ibùdókọ̀ tó kàn, ojú rẹ̀ kò sí lára ọmọ tó fẹ́ já sí títì. Mo máa ń kùn sínú. Ṣùgbọ́n Dípọ̀ sọ tirẹ̀ di orin. Ó fi ohùn tí a fi ń kọrin nínú ìsìn gbé e, ó ń pàtẹ́wọ́ sí i: "Barking Station, Ripple Road, Upney, Eastbury, Lodge Avenue, Becontree, Heathway, Church Elm Lane, Village o!" Kò mí, kò ṣẹ́jú. Místà Lẹ́n yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ṣùgbọ́n mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń mì. Bẹ́ẹ̀ ni Dípọ̀ ṣe di ẹni tó pa olùkọ́ wa lẹ́rìn-ín, ó sì fi ọ̀rọ̀ náà yọ mí lẹ́nu fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Irinṣẹ́ yí padà lójú wa. Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, owó wẹ́wẹ́ ni èrò ń kó lé wa lọ́wọ́, a ó sì já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn. Nígbà tó yá, káàdì ni wọ́n ń fi kan ẹ̀rọ, kò sí owó lọ́wọ́ wa mọ́. Pákó tí a fi ń gbé kẹ̀kẹ́ aláìsàn wọlé, tí a máa ń jáde lọ fà tẹ́lẹ̀, bọ́tìnnì la wá ń tẹ̀ fún un. Kámẹ́rà wọ inú ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi gíláàsì tó nípọn dí wa mọ́ àyè wa, torí pé àwọn ọmọ ìta ń lu dírẹ́bà. Wọ́n lu ihò kéékèèké sára gíláàsì náà kí ohùn lè máa gba ibẹ̀.

Ẹ̀yin náà sì mọ̀ wá. Ọmọ Yorùbá wo ló máa kọjá lára ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tí kò ní í kí i? Òyìnbó á fi káàdì rẹ̀ kan ẹ̀rọ, á kọjá. Ṣùgbọ́n ìyá tiwa, bó bá ti rí ilà ojú mi, á gbé báàgì sílẹ̀, á sún ẹnu mọ́ àwọn ihò yẹn: "Ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Olúwa á máa ṣọ́ yín lójú ọ̀nà o!" Èmi náà á tẹ̀ síwájú, màá sún ojú mọ́ ihò, màá ní, "Àmín o, Mummy. Ẹ kú ìrìn o." Inú mi máa ń dùn sí i. Ní àárọ̀ tí òtútù bá mú, àdúrà yẹn a máa ṣe mí lóore ju tíì lọ.

Nígbà tí àrùn kòrónà dé, ìjọba ní kí gbogbo ènìyàn jókòó sílé. Bọ́ọ̀sì kò jókòó sílé. East Street tí ẹ mọ̀ tó máa ń kún fún ariwo ọjà dákẹ́ rọ́rọ́, èmi sì ń wa ọkọ̀ kọjá. Bí mo bá gbójú sókè wo dígí tó ń fi inú ọkọ̀ hàn láàárọ̀ kùtù, àwọn tí mò ń rí ni olùtọ́jú arúgbó, ẹni tó ń nu ilé ìwòsàn, síkiọ́rítì, ẹni tó ń to ẹrù sí ṣọ́ọ̀bù. Aláwọ̀ dúdú ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn ará Bangladesh náà sì wà níbẹ̀. Òyìnbó kò ṣàìsí, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀. Ìkíni kò sì dáwọ́ dúró. Kódà ó tún le sí i, torí pé ẹ̀rù ń ba gbogbo wa. Àwọn ìyá ń gbàdúrà fún mi gba inú ihò yẹn bí ẹni pé ogun ni mò ń lọ.

Kí wọ́n tó fi ọ̀rá dí ihò náà, kí wọ́n tó ní kí èrò máa gba ẹnu ọ̀nà àárín wọlé, àwọn kan lára wa ti bá àrùn náà lọ. Wọ́n gbé fọ́tò dírẹ́bà kan kọ́ sí yàrá ìjẹun wa ní gáráàjì. Kò pẹ́, wọ́n gbé òmíràn kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Òmíràn tún tẹ̀ lé e. Mo dúró níwájú wọn lọ́jọ́ kan, mo rí i pé àwọ̀ wọn jọ tiwa. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó tún ṣe mí ní kàyééfì. Kí ló dé tó fi jẹ́ àwa?

Láti ọjọ́ náà, kò sí ẹni tí n kò bi. Ará Ghana kan ní ẹ̀jẹ̀ wa ni, pé bí Ọlọ́run ṣe dá wa nìyẹn. Mo ní, "Àbúrò mi tó ń ta pákó ní Ìjẹ̀bú-Igbó ńkọ́? Ẹ̀jẹ̀ kan náà la ní, ó sì ní òun kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni kú ládùúgbò òun." Ó ní ta ló ń kà wọ́n lọ́hùn-ún?  Dírẹ́bà ará Bangladesh kan ní oòrùn ni, pé àwọ̀ wa ń fẹ́ oòrùn ju èyí tí ìlú yìí ní lọ. Obìnrin kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ká wo ilé tí a ń gbé, ìyá àgbà, ọkọ, ìyàwó àti ọmọ, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo. Dípọ̀ ní tòun, oúnjẹ wa ni. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo time tí à ń jẹun. Shift á parí, chips ni. BP ńkọ́? Sugar ńkọ́? Ta ni ò ní i nínú wa?" Ó ń sọ ọ́, ó ń jẹ chips. Mo ń kó gbogbo rẹ̀ relé, ìyàwó mi á ní kí n fọwọ́, kí n fi ìbéèrè sílẹ̀ níta pẹ̀lú bàtà mi.

Bí a ṣe wà nìyẹn tí àìsàn náà fi mú Dípọ̀.

Ní Eastbury ni ilé rẹ̀ wà, òun àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Fẹ́mi, àwọn ọmọ, àti màmá ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn. Nítorí màmá yìí, Dípọ̀ ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá iwájú nísàlẹ̀. Ìyàwó mi se ọbẹ̀ ẹja aláta, mo sì gbé e lọ ní ọ̀sán nígbà tí mo kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Mo gbé e sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo lọ dúró lójú fèrèsé yàrá náà. Fèrèsé ṣí díẹ̀. Dípọ̀ fẹ̀yìn ti ìrọ̀rí, Ìyá Fẹ́mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, ó fi aṣọ bo imú. Nọ́ọ̀sì kan ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, wọ́n gbé fóònù náà sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì ń gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì bi í bí ara rẹ̀ ṣe rí.

"I'm fine, thank God," ni Dípọ̀ wí. "Much better."

"Any trouble breathing?"

"No, no. We thank God."

Ìyá Fẹ́mi wò mí. Èmi náà wò ó. Ẹ má rò pé irọ́ ni Dípọ̀ ń pa. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í fi ẹnu ara wa pe àìsàn mọ́ra. Bí wọ́n bá gbé ọmọ ìjọ wa sínú áńbúláǹsì, tí o bi í pé ṣé ara le, á ní a dúpẹ́. Dókítà ìlú yìí sì ti kọ́ láti gba ohun tí ènìyàn bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ.

Nọ́ọ̀sì wá ní kí Ìyá Fẹ́mi wo ètè rẹ̀ bóyá ó ti di búlúù. Ìyá Fẹ́mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó, ó gbójú sókè wò mí: "Bọ̀dá, ètè Dípọ̀ dúdú látọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n. Kí ni wọ́n ní kí n wò?" Ó padà sọ fún fóònù pé kò sí búlúù. Òótọ́ ló sọ. Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe pọ̀ tó nínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní kí ó fi há ọkọ rẹ̀ níka, ó ka nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ náà. Nọ́ọ̀sì ní ìyẹn kò burú. Ó ti ń sọ pé kí wọ́n pe òun padà bó bá le sí i.

Ṣùgbọ́n mo ń wo ọrùn Dípọ̀. Gbogbo ìgbà tó bá mí, ọrùn rẹ̀ ń wọnú. Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá. Mo ké láti ojú fèrèsé pé, "Nurse, please, wait small!" Mo wá sọ fún Dípọ̀ pé, "Pe ibùdókọ̀ fún mi láti Barking."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ o." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ ká ṣe play yìí tó bá dọ̀la."

"Mo ní kí o pè é. Láìmí. Bí Místà Lẹ́n ṣe ń gbà á."

Ó gbìyànjú àtifi orin gbé e, bó ṣe máa ń ṣe. "Barking Station..." Ó mí. "Ripple Road..." Ó tún mí, ó gbé ọwọ́ lé àyà. "Upney." Ó la ẹnu fún Eastbury, àdúgbò tí ilé òun fúnra rẹ̀ wà, kò jáde.

 Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀: "Was that him? Can he do it again?" Dípọ̀ tún un ṣe. Lẹ́ẹ̀kejì yìí kò dé Upney. Ohùn nọ́ọ̀sì yí padà, kò fi nǹkan falẹ̀ mọ́. Ó ní òun ń pe áńbúláǹsì nísinsìnyí, kí wọ́n gbé e jókòó dáadáa, kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn àbáwọlé sílẹ̀. Ìyá Fẹ́mi ké "Yéè! Olúwa mi o!" Ẹ̀rù bà mí. Ìgbà náà ni mo rí i pé mo ti tẹ òdòdó ẹlẹ́ni mọ́lẹ̀.

Mi ò bínú sí nọ́ọ̀sì yẹn. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ pé kó bèèrè ló bèèrè, nígbà tó sì gbọ́ ohun tó yàtọ̀, ó tẹ́tí sí i. Ẹlòmíràn ì bá ti gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ̀rọ ló ń bá Dípọ̀ mí ní ilé ìwòsàn. Ó pẹ́ níbẹ̀. A ń gbàdúrà lórí fóònù, ìjọ lápapọ̀, ohùn ń já lu ara wọn. Ọlọ́run dá a sí. Ó padà wálé, ó rù kan eegun, kò lè gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀, kò sì wa bọ́ọ̀sì mọ́ láti ọjọ́ náà. Ẹ wá gbọ́ èyí tó tún yà mí lẹ́nu: màmá tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, tó dàgbà jù nínú ilé náà, kò tilẹ̀ húkọ́. Mo bi í pé kí ló lò. Ó ní, "Mo lo Jésù." Mo ní, "Mummy, Dípọ̀ náà lo Jésù." Ó lé mi jáde.

Nígbà tí ìjọba ní ká máa jáde padà, mo lọ kí Místà Lẹ́n ní Village. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ọgbà tòmátò ló ń tọ́jú. Ó ní àìsàn náà mú òun náà. Òun húkọ́, òun sùn, òun mu ọbẹ̀, ó lọ. Mo ní báwo ló ṣe jẹ́, nígbà tó dàgbà ju Dípọ̀ lọ dáadáa? Kò bínú sí ìbéèrè mi. Ó ronú sí i, ó wá bi mí padà pé nígbà tí òun wà láàárín tòmátò, níbo làwa wà? Mo ní a ń wa bọ́ọ̀sì. Àwọn wo ló wà nínú bọ́ọ̀sì? Mo sọ fún un. Ó ní bàbá òun àti àwọn arákùnrin bàbá náà ṣiṣẹ́ níbì kan tí eruku pọ̀, gbogbo wọn ń húkọ́. Àwọn ènìyàn ní ikọ́ ìdílé ni. "Nobody asked about the dust," ni ó wí, ó sì já tòmátò fún mi.

Mo ti gbọ́ nǹkan púpọ̀ sí i láti ìgbà náà. Ọmọbìnrin nọ́ọ̀sì kan nínú ìjọ wa sọ fún mi pé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka, ó ṣeé ṣe kó máà ríran dáadáa lára àwọ̀ dúdú bíi tiwa. Ó ní àwọn onímọ̀ fúnra wọn ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, pé ahọ́n àti inú ètè ló yẹ kí ènìyàn wò. Mo gbà á gbọ́. Mo sì gba oòrùn gbọ́ díẹ̀, mo gba chips gbọ́ dáadáa, mo gba ilé tó há àti iṣẹ́ tí kò ṣeé ṣe nílé gbọ́ jù. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rò nìyẹn. Ohun tí mo rí ni àwọn tó wà nínú dígí mi láàárọ̀, àti ọ̀rẹ́ mi tó ní ara òun le nígbà tí kò lè pe Eastbury. Èwo ló wúwo jù nínú wọn? Mi ò mọ̀, mo ṣì ń bèèrè. Ẹni tó bá ní ohun kan ṣoṣo ni, ẹ bi í pé kí ló rí.

Iṣẹ́ bọ́ọ̀sì dáa, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo gbádùn rẹ̀, ó tọ́ ọmọ fún mi, ó sì kọ́ mi láti máa wo nǹkan. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yòówù kí ẹ ṣe nílùú yìí, ẹ máa bèèrè irú afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí síbẹ̀, bí ara kò bá sì le, ẹ fi ẹnu sọ ọ́.

Èmi àti Dípọ̀ máa ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí bí àwọn àgbàlagbà. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, a ra ẹja ní East Street, a wọ ọkọ̀ ní Barking Station láti lọ kí Místà Lẹ́n. Ìsàlẹ̀ la jókòó sí, nítorí àtẹ̀gùn. Bí ọkọ̀ ṣe gbéra, Dípọ̀ bẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó pe Ripple Road, ó pe Upney, ó pe Eastbury, ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi. Ó pe Lodge Avenue. Nígbà tó kan Becontree, ohùn rẹ̀ tín-ín-rín, ó dákẹ́.

"Báwo ni ara?" ni mo bi í.

"A dú..." Ó dá a dúró.  "Ẹ̀gbọ́n, ara mi ò le. Èémí mi ò tó. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ kalẹ̀ níbí kí n sinmi."

Látọjọ́ tí a ti jọ ń tò sí àgbàlá gáráàjì, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu Dípọ̀ rí.  Mo tẹ agogo, dírẹ́bà sì rọra dúró.